Sikéètì lórí yìnyín: àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ń tẹ̀ sínú

Àbẹ̀ní_Ottawa

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará wa. Ilé ìwé àwọn ọmọ (ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 6, èkejì ọmọ ọdún 9) ti kọ̀wé ránṣẹ́ pé láti oṣù Kìíní ni wọn yóò máa kó wọn lọ sí ríǹkì (gbàgede yìnyín tí a ti ń ṣe sikéètì) lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí òbí wá bàtà sikéètì àti àṣíborí sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ kọ́ ọ pẹ̀lú wọn. Ọmọ ọdún 38 ni mí.

Bàtà yíyá ni mo fi ń gbìyànjú ní ríǹkì. Ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń tẹ̀ sínú. Ṣé ara mi ló fà á ni, àbí bàtà? Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí pajápajá fi ń mú mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣubú tí ọwọ́ kò fi ní dá? Báwo ni a ṣe ń dúró láìjẹ́ pé a lọ gbá ògiri mú? Ti họ́kì ni kí a rà ni, àbí ti àwọn tó ń jó lórí yìnyín?

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù: ṣé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá lè débi tí yóò fi gun Rideau Canal, ipa omi Ottawa tó máa ń di yìnyín, kí òtútù ọdún yìí tó lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun.


Olùkọ́_Orí_Yìnyín

Ẹ káàbọ̀ mà. Ti ọrùn ẹsẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ fèsì sí, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kúrò lórí yìnyín kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rárá. Wọn á ní ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kò lágbára. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó lágbára. Bàtà ló tóbi jù, tàbí tó ti gbó, tàbí tí wọn kò so bó ṣe yẹ.

Irin abẹ́ bàtà yìí kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mílímítà 3 sí 4 lọ. Lórí ohun tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń ráyè yí nínú bàtà, ibi tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ sí ni irin yóò dà sí. Kò sí iṣan tó lè mú irin dúró ṣánṣán nínú bàtà tó dẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń yá bàtà, ẹ má sọ nọ́ńbà bàtà òtútù yín fún wọn. Ẹ fi nọ́ńbà kan dín in, kí ẹ wọ̀ ọ́ wò. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ wọ̀, kó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sì gùn kọjá ẹnu bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tàbí èyí tó nípọn kì í mú ẹsẹ̀ gbóná níbí. Ṣe ló ń fún ẹsẹ̀ mọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní rìn dáadáa, ó tún ń mu òógùn, ẹsẹ̀ á wá máa yọ̀ nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń so ó rèé. Ẹ tú okùn náà sílẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ahọ́n bàtà là gbayawu. Ẹ ti ẹsẹ̀ wọlé, kí ẹ wá fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó lè wọ ẹ̀yìn bàtà pátápátá. Níwájú, ní ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ fà á díẹ̀ ni. Àwọn ìka gbọ́dọ̀ lè mira. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lọ sókè ni kí ẹ ti lo agbára: ihò méjì tàbí mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ẹ fà wọ́n le, ẹ fi ọwọ́ kan di okùn mú kó má dẹ̀ padà kí ẹ tó kan ìkọ́ òkè. Lókè pátápátá, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ìka kan lè wọlé láàárín bàtà àti ojúgun, kí orúnkún lè tẹ̀ síwájú. Ẹ má ṣe wé okùn tó bá ṣẹ́ kù mọ́ ọrùn bàtà. Ẹ ta á ní kókó méjì, ẹ tì í bọnú.

Ẹ wá dìde. Bí ẹ bá dúró ṣánṣán, kí ìka ẹsẹ̀ kan iwájú bàtà fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tẹ orúnkún, kó fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú bàtà, ẹ tú u so, tàbí kí ẹ dá a padà. Kí ẹ tiẹ̀ tó wọ bàtà yíyá, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka fún ibi ọrùn rẹ̀. Bó bá wó pọ̀ bí aṣọ, bàtà yẹn ti kú. Ẹ gba òmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, wọn á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ti pajápajá: ẹ̀rù ló ń mú kí èèyàn máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú bí ẹyẹ lórí ẹ̀ka. Ẹ̀ẹ̀kejì ni pé okùn iwájú le jù. Ẹ jókòó ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ dẹ okùn iwájú nìkan, kí ẹ sì rántí tẹ orúnkún bí ẹ bá padà. Orúnkún tó bá nà gbọnrangandan máa ń ju iṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn àtẹ́lẹsẹ̀.

Mò ń bọ̀ wá sọ nípa bí a ṣe ń rìn àti bí a ṣe ń dúró.


Apọ́nrin

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti họ́kì àti ti oníjó, torí inú irin ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Bí ẹ bá dorí bàtà náà kodò tí ẹ wo irin rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pẹrẹsẹ. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan la àárín rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí irin kan fi ní etí méjì, etí inú àti etí òde. Etí yìí ló ń mú yìnyín. Kòtò tó jìn máa ń mú yìnyín gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń le láti fi ha ilẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ́ dúró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè sọ fún ẹni tó ń pọ́n ọn pé kó fi sí 1/2 ínǹṣì, tàbí 5/8 ínǹṣì bó bá fẹ́ kó rọrùn láti ha. Òbìrìkìtì tí kòtò náà jẹ́ apá kan rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń wọ̀n, kì í ṣe jíjìn kòtò, nítorí náà bó bá ṣe kéré sí ni kòtò ṣe jìn sí.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì: irin họ́kì ká sókè níwájú, ó sì ká sókè lẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ara lé ẹ̀yìn díẹ̀ báyìí, irin á yí lábẹ́ rẹ̀, ó di gbì. Irin oníjó gùn, ó yọ kọjá gìgísẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ó máa ń gba èèyàn mọ́ra. Àmọ́ ó ní eyín níwájú, tí ẹni tó bá ń wolẹ̀ tàbí tó ń fi ìka ẹsẹ̀ tilẹ̀ máa ń fi kọsẹ̀. Fún àgbàlagbà tí kò ní họ́kì lọ́kàn, ti oníjó ni mo máa ń sọ pé kó rà. Ọmọ tó bá fẹ́ gbá họ́kì, kó kúkú bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti họ́kì.

Bàtà tuntun, ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ ni kì í mú nígbà tó bá jáde nínú páálí. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń pọ́n sikéètì kí ẹ tó gbé e lọ sórí yìnyín. Láti mọ̀ bóyá ó mú, ẹ fi èékánná yín fà á gba orí etí rẹ̀ ní ìbú. Ẹ má ṣe fà á ní òòró, ọwọ́ yín á là. Bó bá ń fá ìyẹ̀fun funfun kúrò lára èékánná, ó mú. Kí ẹ dán etí méjèèjì wò. Bí etí kan bá ga ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó sì rò pé ẹ̀bi ara yín ni.

Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 15 sí 20 lórí yìnyín, ó ti tó àkókò láti tún un pọ́n. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta lórí kọnkéré lè ba ohun tí wákàtí 20 kò tíì bà jẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n bá da iyọ̀ àti yanrìn sí lójú ọ̀nà. Ẹ ra ìbora oníke tí a ń fi bo irin náà, tí a fi ń rìn láti ibi ìjókòó dé ẹnu ọ̀nà yìnyín. Bí ẹ bá sì ti ṣe tán, ẹ bọ́ ìbora náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu irin dé ibi tí ìdè rẹ̀ wà lábẹ́ bàtà, kí ẹ wá fi ìbora aláṣọ wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ẹni tó bá fi irin tútù sílẹ̀ nínú ìbora oníke mọ́jú, ìpẹtà ni yóò bá. Bàtà náà, ẹ là á sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, awọ á sán, àtè á tú.

Fún àwọn ọmọ, okirika dára púpọ̀, torí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró lójú kan. Ohun tí ẹ ó wò ni bóyá irin ṣì pọ̀ (èyí tí wọ́n ti pọ́n títí yóò ti tín-ín-rín láti òkè sísàlẹ̀, pàápàá níwájú), bóyá ọrùn bàtà ṣì le, àti bóyá ìpẹtà ti jẹ ihò sí etí rẹ̀. Ìpẹtà ojú ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe nǹkan, ti etí ni kò dára. Ẹ má ra èyí tó tóbi sílẹ̀ pé kó lè lò ó di ọdún mẹ́ta. Kí ọmọ ti ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dé iwájú; bí ìka ọwọ́ yín kan bá wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tó. Bí méjì bá wọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Ẹ má sì ra èyí tó ní irin méjì-méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà fún ọmọ ọdún 6. Kò ní etí, kò lè kọ́ ọ ní ohun kan.


Nọ́ọ̀sì_Aláṣíborí

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè nípa ìṣubú ló tọ́ kí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ bèèrè.

Ọrùn ọwọ́ ló máa ń dá jù, ìdí rẹ̀ kò sì le láti mọ̀. Bí èèyàn bá ń ṣubú, ọwọ́ máa ń sáré nà sílẹ̀ lẹ́yìn láti gba ara mú. Gbogbo ìwúwo ara á wá dà lé egungun kékeré kan lórí ohun tó le bí òkúta. Ohun tí a ń kọ́ ọwọ́ ni pé kó má nà. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ìdúró ti bàjẹ́, ẹ tẹ orúnkún kí ara sún mọ́ ilẹ̀, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí ẹran ìdí àti ìbàdí gba ilẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì wà níwájú àyà, ẹ di ìkúùkù. Ẹ fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí ìpàkọ́ má bàa gbá yìnyín. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ara yọ̀ lọ díẹ̀. Ara tó bá ń yọ̀ lọ kì í gba ìkọlù tó ti ara tó dé tó dúró gbagidi.

Láti dìde, ẹ yí padà sórí ọwọ́ àti orúnkún. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sáàárín ọwọ́ méjèèjì kí irin rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún yẹn, kí ẹ fi tì í dìde, kí ẹsẹ̀ kejì wá bá a. Ẹ má di ẹlòmíràn mú, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ lulẹ̀. Bí ẹ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ má tẹ́ ìka sílẹ̀ gbalaja, torí irin àwọn tó ń kọjá lọ mú. Ẹ dánra wò nílé lórí kápẹ́ẹ̀tì láìwọ bàtà, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ, ìgbà mẹ́wàá ní ọ̀tún, mẹ́wàá ní òsì. Ọmọdé á gbádùn rẹ̀, ara á sì ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọjọ́ náà.

Àṣíborí: ti họ́kì tó ní àmì CSA (àjọ tó ń yẹ ọjà wò ní Kánádà) ni kí ẹ rà. Ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ṣe é fún ìkọlù ńlá ẹyọ kan, kì í sì í bo ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń fi ẹ̀yìn lulẹ̀ fi ń gbá yìnyín. Nínú CanSkate, ètò ìkọ́ni Skate Canada, àjọ tó ń rí sí sikéètì ní Kánádà, ẹni tí kò bá tíì kọjá ìpele 5 kò gbọdọ̀ gun yìnyín láìní àṣíborí họ́kì tó ní àmì CSA, àti ọmọdé àti àgbà. Kó jókòó ní ìwọ̀n ìka kan sókè ìpéǹpéjú, kí ìka kan péré lè wọ abẹ́ okùn àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ irun wa ńkọ́? Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kó irun dídì wọn jọ sí àtàrí, àṣíborí kì í jókòó sí wọn lórí, á máa fò sókè. Ẹ kó o jọ sísàlẹ̀, sí ẹ̀yìn ọrùn, tàbí kí ẹ dì í ní kọlẹ́sẹ̀ kó dùbúlẹ̀. Ẹni tó ń lo ìbòrí, kó jẹ́ fẹ́lẹ́, kó sì ti etí rẹ̀ bọ inú aṣọ. Sikáàfù ọrùn tó gùn, ẹ fi sílé.

Ìbọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, kódà níbi tí kò tutù. Sòkòtò jíǹsì kò dára, ó máa ń mu omi, ó ń wúwo, kì í sì í jẹ́ kí orúnkún tẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá forí gbá yìnyín tí orí ń fọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, kó kúrò lórí yìnyín lọ́jọ́ yẹn, kí dókítà sì rí i. Ọrùn ọwọ́ tó wú tàbí tó wọ́, ẹ má fi òróró wọ́ ọ. Ẹ lọ ya fọ́tò egungun.


Olùkọ́_Orí_Yìnyín

Nọ́ọ̀sì ti bá mi sọ ìdajì rẹ̀, ẹ ṣeun. Ó kù bí a ṣe ń rìn.

Kí ẹ tó wọlé, lórí rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríǹkì, ẹ tẹ orúnkún sílẹ̀-sókè nígbà mẹ́wàá, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ṣọ́jà ní ogún ìṣísẹ̀. Ẹ di ẹnu ọ̀nà mú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Ìdúró yín: gìgísẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, ìka ẹsẹ̀ yà sóde bíi lẹ́tà V. Ẹ tẹ orúnkún débi tí ẹ kò fi ní rí ìka ẹsẹ̀ yín bí ẹ bá wolẹ̀. Àyà gòkè, ìdí má yọ sẹ́yìn. Ọwọ́ wà níwájú ní ìwọ̀n ìgbáròkó, bí ẹni tó gbé tíréè oúnjẹ lọ fún àgbà. Kí ojú wo iwájú. Orí ló wúwo jù lókè. Ibi tó bá tẹ̀ sí ni ara yóò tẹ̀lé, nítorí náà ẹni tó ń wolẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò bá.

Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké mẹ́jọ, kí ẹsẹ̀ wà ní V yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, ẹ má ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí bàtà máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ títí yóò fi dúró. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, yíyọ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, yíyọ̀. Ibi tí àgbàlagbà ti ń ṣìnà rèé: wọn kì í fẹ́ jẹ́ kó yọ̀, wọ́n á máa rìn ṣáá bí ẹni tó wà lójú títì, bẹ́ẹ̀ yíyọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Bó bá ti mọ́ra, ẹ tẹ orúnkún sílẹ̀-sókè bẹ́ ẹ ti ń yọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan "ẹja". Láti inú V, ẹ tẹ orúnkún, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì yà kúrò lára ara wọn títí wọn yóò fi fẹ̀ tó èjìká. Kí wọ́n tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí ìka ẹsẹ̀ sínú, ẹ na orúnkún díẹ̀díẹ̀, kí ẹsẹ̀ padà wá pàdé. Àmì tó kù lórí yìnyín á rí bí ẹja. Bí ẹsẹ̀ bá ń yà lọ tí kò padà, ẹ kò tètè yí ìka sínú ni. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, torí ẹsẹ̀ kankan kì í kúrò nílẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọ́ni bí a ti ń lo etí inú.

Ìdúró-lójijì: ẹ di ògiri mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú díẹ̀, kí ìka rẹ̀ dojú kọ inú díẹ̀. Ẹ ti gìgísẹ̀ rẹ̀ sóde bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ha ojú iṣu sísun. Ẹ̀rún yìnyín funfun gbọ́dọ̀ kó jọ síwájú irin. Bí irin bá gún yìnyín tó sì há, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ jù, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán díẹ̀ sí i. Bí kò bá ha nǹkan kan, ìwúwo ara kò sí lórí rẹ̀. Nígbà mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra yọ̀ lọ, ẹ tẹ orúnkún, ẹ ti gìgísẹ̀ méjèèjì sóde kí ìka wọn sún mọ́ra. Ẹ kò gbọdọ̀ sáré lórí yìnyín kọjá ìwọ̀n tí ẹ lè dá dúró.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.


Apọ́nrin

Olùkọ́, ẹ kò tíì sọ nípa àwọn ohun ìtì tí wọ́n ń yá fún ọmọdé ní ríǹkì, àwọn tó rí bíi pẹ́ńgúìn.


Olùkọ́_Orí_Yìnyín

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ọmọ lè rẹ́rìn-ín, n kò kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó gbára lé e máa ń tẹ̀ ní ìbàdí dípò orúnkún, ìwúwo rẹ̀ á wà lọ́wọ́, irin kì í sì í ru nǹkan kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e kúrò, ó tún di alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.


Àbẹ̀ní_Ottawa

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Nọ́ńbà bàtà tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀ ni ti bàtà òtútù lóòótọ́. Mo ti fi ọ̀kan dín in, ọrùn ẹsẹ̀ ti ń dúró.

Ìṣòro tó kù: bí mo bá fẹ́ ti ara mi síwájú, eyín iwájú bàtà ló ń gún yìnyín, mo ń kọsẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló sì ń tì, ti òsì kàn ń tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti mọ sikéètì onítáyà láti Èkó, ó ní òun kò nílò ẹ̀kọ́. Ṣé òótọ́ ni?


Etí_Inú_Etí_Òde

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí ṣe.

Ojú títì ló kọ́ ẹsẹ̀ yín láti fi ìka ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Lórí yìnyín, ẹ̀gbẹ́ la ń tì sí. Ẹ dúró ní V, ẹ tẹ orúnkún méjèèjì, ẹ fi gbogbo ìwúwo lé ẹsẹ̀ òsì. Kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wá fi gbogbo òòró etí inú rẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé iwájú, ti yìnyín sóde àti sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá nà tán, ẹ gbé e padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì kí ẹ tó ti òmíràn. Àmì tó bá kù sórí yìnyín ni ẹlẹ́rìí yín: bó bá jẹ́ ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dagun, ẹ ti ṣe é re. Bó bá jẹ́ ojú ihò kéékèèké tò lé ara wọn, eyín ni ẹ fi ti í.

Ti ẹsẹ̀ kan tó ń tì: èyí tí kò lè tì kọ́ ló ní àrùn. Èyí tí kò lè dá ara dúró ni. Ẹsẹ̀ òsì yín kò rí àyè tì torí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò fẹ́ dá nìkan ru ara. Ẹ di ògiri mú, ẹ gbé òsì kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ dúró lórí ọ̀tún, ẹ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é bẹ́ ẹ ti ń yọ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀tún bá lè dá dúró, òsì á tì fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín ní ànfààní, n kò ní purọ́. Erin Jackson, ará Amẹ́ríkà tó gba góòlù eré sikéètì mítà 500 ní Òlíńpíìkì Beijing ní 2022, orí sikéètì onítáyà ló ti wá kó tó bọ́ sórí yìnyín. Ìtì yẹn àti ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan á tètè yé wọn. Ohun tí kò ní bá wọn wá ni ìdúró-lójijì. Bíréèkì rọ́bà tó wà ní gìgísẹ̀ sikéètì onítáyà kò sí níbí, ẹni tó bá sì gbé ìka ẹsẹ̀ sókè láti wá a, ẹ̀yìn ni yóò fi lélẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ìyẹn lára ògiri kí wọ́n tó sáré.

Òfin ríǹkì díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè má sọ fún yín: ibi tí gbogbo èèyàn ń yí sí ni kí ẹ yí sí. Ẹ má dúró lójú ọ̀nà láti so okùn bàtà. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ tètè dìde. Bí Zamboni, ọkọ̀ tó ń tún ojú yìnyín ṣe, bá ń bọ̀, gbogbo èèyàn á jáde. Ó ń fá ojú yìnyín tó ti ha, ó sì ń da omi gbígbóná fẹ́lẹ́ lé e kó lè wọ inú àwọn ilà náà kó tó dì. Ẹ dúró kí omi yẹn dì tán. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí máa ń yọ̀ jù fún ẹni tuntun, ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀ ló tura.


Ará_Etí_Canal

Ó kù ti Rideau Canal. Kìlómítà 7.8 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n yìnyín ọlọ́run ni, ẹ̀rọ kọ́ ló ń dì í, nítorí náà kò ní déètì ìṣílẹ̀ tó dájú. Ó gbọ́dọ̀ nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 kí wọ́n tó ṣí i. Ní òtútù 2022 sí 2023, wọn kò ṣí i rárá, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ẹ má fi gbogbo ìrètí sórí oṣù kan. Ẹ wo orí íkànnì wọn ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ, torí ó lè ṣí lánàá kó tì lónìí.

Ṣé ẹ ó lè gùn ún? Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, ìṣẹ́jú 45 nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ti ṣe é tó ìgbà ogún kí oṣù Kejì tó dé. Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun kì í ṣe iye ìgbà. Ṣé ẹ lè dìde láìdi nǹkan mú? Ṣé ẹ lè dúró láìfọwọ́ kan ògiri? Ṣé ẹ lè yọ̀ lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa bọ̀.

Kò sí ògiri níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dán bíi ti ríǹkì. Yìnyín máa ń sán bí òtútù bá ń lọ sókè-sódò, àwọn ojú sísán náà sì máa ń gùn ní òòró, ó sì fẹ̀ tó láti gba irin yín wọlé. Bí ẹ bá rí ọ̀kan níwájú, ẹ gbà á ní ìdábùú, ẹ má bá a lọ ní òòró, kí ẹ sì tẹ orúnkún sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ tí oòrùn kò sì tíì rọ ojú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí atẹ́gùn nígbà tí agbára ṣì wà, kó lè máa ti yín bọ̀ wálé. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdajì kìlómítà lọ, ìdajì bọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ á fẹ́ jẹ BeaverTails, ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n dín bíi púfúpúfù, ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń tà á jẹ́ ibi tí ẹ ó yí padà.

Adágún omi kéékèèké àti odò tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó, ẹ fi sílẹ̀. Canadian Red Cross ní ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 kí ẹnì kan tó gùn ún, 20 bó bá jẹ́ pé èèyàn púpọ̀ ni, àmọ́ ojú kò lè wọ̀n ọ́n láti etí omi. Yìnyín tó dúdú-aró tó mọ́ gaara ló lágbára. Èyí tó funfun kò tó o. Èyí tó bá rí bí eérú, omi wà nínú rẹ̀, ẹ má tẹ ẹsẹ̀ kan sí i.


Àbẹ̀ní_Ottawa

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré: lórí Canal níbẹ̀, níbo la ti ń wọ bàtà, kí la sì ń ṣe sí èyí tí a bọ́?


Ará_Etí_Canal

Bẹ́ńṣì wà níbi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ilé kékeré tó lọ́ọ̀rú náà sì wà. Ẹ gbé àpò àgbékọ́yìn, ẹ kó bàtà òtútù gbogbo yín sínú rẹ̀. Kí ó jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ gbé e, kì í ṣe ọmọ, kí okùn rẹ̀ sì le kó má máa jù sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn yín. So okùn bàtà àwọn ọmọ kí ẹ tó so tiyín, torí bí ẹ bá ti wọ tiyín tán, títẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn á nira. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ fún ìyẹn, kí ẹ tètè wọ̀ ọ́ padà.